Líle Kò Jẹ́ Ìfaradà: Ìṣesí Àwọn Kírísítálì inú Ohun Amọ̀ nínú Iná Ńlá

1. Ìfáárà

Èrò kan wọ́pọ̀ nípa ohun amọ̀, pé bí iná tí wọ́n fi sun ìkòkò bá ṣe pọ̀ tó ni ìkòkò náà ṣe máa ń dára tó. Ẹni tó bá gba èrò yìí gbọ́ yóò máa wo ìkòkò ìbílẹ̀, tí wọ́n fi igi àti koríko sun ní gbangba, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí kò tíì parí. Ó ń mu omi. Èékánná lè ha á. Bí ó bá já lọ́wọ́, ó fọ́ nìyẹn. Ẹni náà yóò sì máa wo àwo tánńganran tó ń dán gbinrin gẹ́gẹ́ bí òpin ìrìn àjò tí amọ̀ ń rìn nínú iná.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé méjèèjì ka orí ààrò, tí iná igi ń jó fòfò lábẹ́ wọn, èyí tí wọ́n pè ní aláìparí ni yóò se ọbẹ̀ jinná. Tánńganran ni yóò sán. Ohun tó le jù ni iná kọ́kọ́ borí, ohun tó rọ̀ jù ni ó sì fara da iná. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríire tàbí ti àṣà lásán. Ìdí rẹ̀ wà nínú àwọn kírísítálì tó para pọ̀ di ara ìkòkò, àti nínú ohun tí iná ń fi wọ́n ṣe.

Iṣẹ́ bébà yìí ni láti ṣàlàyé ìdí náà ní èdè Yorùbá. Yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí kírísítálì jẹ́ àti oríṣi ìyípadà méjì tí ooru máa ń mú bá a. Lẹ́yìn náà ni yóò tọpa amọ̀ nínú iná láti ìgbà tó wà ní ọ̀rinrin títí tó fi di òkúta. Yóò dúró pẹ́ díẹ̀ lórí quartz, nítorí pé òun ni orísun wàhálà tó pọ̀ jù. Yóò lo ohun tó bá rí níbẹ̀ láti tú àdììtú ìkòkò ìbílẹ̀. Yóò sì fi zirconia kádìí rẹ̀, níbi tí àwọn onímọ̀ ti sọ àléébù kan náà di agbára.

2. Ohun tí Kírísítálì Jẹ́

Ohun líle gbogbo ni átọ́ọ̀mù kó jọ di, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn átọ́ọ̀mù náà gbà tò yàtọ̀. Nínú gíláàsì, wọ́n wà pọ̀ gẹ́gẹ́ bí èrò inú ọjà: olúkúlùkù ní aládùúgbò, ṣùgbọ́n kò sí ètò tó dè wọ́n láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Nínú kírísítálì, wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí ẹbè inú oko àgbẹ̀ tó mọṣẹ́: ẹni tó bá mọ ibi tí ẹbè mẹ́ta wà lè sọ ibi tí ọgọ́rùn-ún yòókù wà láìwo ilẹ̀. Ohun kan náà lè jẹ́ kírísítálì, ó sì lè jẹ́ gíláàsì. Bí sílíkà bá yọ́ tán tí ó sì tètè tutù, àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í ráyè tò. Gíláàsì ni yóò dà.

Sílíkà ni ohun tó pọ̀ jù nínú yanrìn. Ìtò rẹ̀ rọrùn láti sọ: átọ́ọ̀mù sílíkọ́nì kan wà láàárín ọ́síjìn mẹ́rin, ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan sì so sílíkọ́nì méjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń so mọ́ra lọ ní gbogbo ìhà. Ìsopọ̀ sílíkọ́nì àti ọ́síjìn lágbára gan-an, ṣùgbọ́n igun tí wọ́n ti so lè tẹ̀. Nínú títẹ̀ igun yìí ni ọ̀pọ̀ ohun tí bébà yìí fẹ́ sọ wà.

Bí ooru bá wọ inú kírísítálì, àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, kírísítálì náà á sì fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn kì í dẹ́rù bani. Ohun tó yẹ kí ènìyàn fiyè sí ni pé tí ooru bá dé ìwọ̀n kan, ìtò àwọn átọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ lè yí padà. Oríṣi ìyípadà méjì ló wà.

Èkínní ni èyí tí bébà yìí yóò máa pè ní ìyípadà nínà. Nínú rẹ̀, kò sí ìsopọ̀ tó já. Àwọn igun tó tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kàn nà. Ó dà bí ẹni tó ká orúnkún lórí ẹní tó sì wá na ẹsẹ̀: egungun rẹ̀ kò pọ̀ sí i, kò sì dín kù, ṣùgbọ́n ààyè tó gbà lórí ẹní ti yàtọ̀. Irú ìyípadà yìí máa ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ní ìwọ̀n ooru kan pàtó. Bí ooru bá ti lọ sílẹ̀, kírísítálì náà á tún ká orúnkún padà. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè yára mú un tutù tó tí yóò fi gbàgbé láti padà.

Èkejì ni ìyípadà àtúntò. Nínú èyí, àwọn ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ já kí àwọn átọ́ọ̀mù tó lè lọ tò sí ibòmíràn, gẹ́gẹ́ bí ẹni wó ilé tó sì fi bíríkì kan náà kọ́ òmíràn. Irú èyí ń fẹ́ ooru púpọ̀ àti àkókò gígùn. Bí wọ́n bá tètè mú ohun náà tutù, ó lè dúró sí ipò tuntun láìpadà sí ti àtijọ́.

Ìyàtọ̀ méjèèjì ṣe kókó. Ìyípadà àtúntò ni ó ń pinnu irú kírísítálì tí yóò wà nínú ìkòkò nígbà tí wọ́n bá sun ún tán. Ìyípadà nínà ni ó ń pinnu bóyá ìkòkò náà yóò sán tàbí kò ní sán, nígbà tó ń tutù, tàbí ní ìgbàkígbà tó bá tún padà dé orí iná.

3. Amọ̀ nínú Iná

Amọ̀ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Nínú rẹ̀ ni ìyẹ̀fun amọ̀ gan-an wà, tí ó dà bí ewé pẹlẹbẹ tíntìntín. Yanrìn quartz wà níbẹ̀. Àwọn òkúta lílọ̀ tó tètè ń yọ́ wà níbẹ̀. Irin tó dógùn-ún sì wà níbẹ̀, èyí tó ń fún ìkòkò ní àwọ̀ pupa. Amọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní kaolin ni ó sún mọ́ ìyẹ̀fun amọ̀ lásán jù lọ. Òun ni ó rọrùn láti fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ewu àkọ́kọ́ kò ní í ṣe pẹ̀lú kírísítálì. Omi tó kù nínú amọ̀ yóò di oru nígbà tí ooru bá dé ìwọ̀n 100 ti Sẹ́ńtígíréèdì, oru náà yóò sì fẹ́ ààyè tó tó bí ìlọ́po 1,600 ti omi tó ti wá. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò la ìkòkò. Ìdí nìyí tí àwọn amọ̀kòkò fi máa ń sá ìkòkò títí yóò fi gbẹ kanrankanran kí wọ́n tó dáná sun ún.

Láàárín ìwọ̀n 450 sí 600 ni ìyípadà tó sọ amọ̀ di ìkòkò máa ń ṣẹlẹ̀. Omi mìíràn wà nínú kaolin, tí kì í ṣe èyí tí ọwọ́ lè fà yọ: ó ti wọ inú ìtò kírísítálì náà, ó sì tó bí ìdá 14 nínú 100 ìwọ̀n kaolin. Ní ìwọ̀n ooru yìí, omi náà á jáde, ìtò kírísítálì kaolin á sì dàrú. Ọ̀nà yìí kò ní àbọ̀. Amọ̀ tí kò dé ibẹ̀, bí ó ti wù kí oòrùn gbẹ ẹ tó, òjò yóò tún sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Èyí tó bá ti kọjá ibẹ̀ kì í padà di ẹrẹ̀ mọ́. Bí ó bá tilẹ̀ fọ́, àpáàdì ni yóò jẹ́.

Bí iná bá ń pọ̀ sí i, ní nǹkan bí ìwọ̀n 980, ohun tó dàrú náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí tò. Nígbà tí ooru bá fi kọjá ìwọ̀n 1,100, kírísítálì tuntun tí wọ́n ń pè ní mullite á fara hàn kedere. Orúkọ erékùṣù Mull ní Scotland ni wọ́n fi sọ ọ́, níbi tí wọ́n ti rí i nínú òkúta ilẹ̀ ní 1924. Àwọn kírísítálì mullite máa ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, wọ́n sì máa ń há mọ́ ara wọn. Wọn kì í fẹ̀ púpọ̀ nínú ooru, wọn kì í sì ní ìyípadà nínà tó ń dẹ́rù bani. Ọ̀rẹ́ ni mullite jẹ́ fún ìkòkò.

Ṣùgbọ́n mullite kì í dá wá. Sílíkà tó pọ̀ ju èyí tí ó nílò lọ á ṣẹ́ kù. Apá kan nínú rẹ̀ á bá àwọn òkúta tó ti yọ́ lọ, wọn á sì di gíláàsì tó ń dí ihò inú ìkòkò. Apá kejì lè di kírísítálì cristobalite. Quartz tó ti wà nínú amọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ náà á sì ṣì wà níbẹ̀, nínú gíláàsì, bí èkùrọ́ ṣe wà nínú èkùrọ̀.

4. Quartz àti Ìwọ̀n 573

Henry Le Chatelier, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó fi hàn ní 1889 pé quartz máa ń yí padà lójijì bí ooru bá dé ìtòsí ìwọ̀n 573 ti Sẹ́ńtígíréèdì. Ìyípadà nínà ni. Kí ó tó dé ibẹ̀, quartz á ti máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ibẹ̀ gan-an, á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ibẹ̀, kò tún ní fẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iná bá ń kú, á tún ṣe bẹ́ẹ̀ padà: ní ìwọ̀n 573, á súnkì lójijì.

Títóbi tó fi ń fò yìí kò ju bí ìdá 1 nínú 100 lọ. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kò kéré. Ìdá 1 nínú 100 ní títóbi jẹ́ nǹkan bí ìdá 3 nínú 1,000 ní gígùn. Ohun amọ̀ tó ti le, tó ti di bí òkúta, kì í sábà lè nà ju bí ìdá 1 nínú 1,000 gígùn rẹ̀ lọ kí ó tó sán. Quartz ń béèrè nínà tó ju agbára ara tó gbé e lọ. Irin lè tẹ̀, rọ́bà lè nà. Ohun amọ̀ líle kò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ibi méjì ni ewu yìí ti ń wá. Èkínní wà ní àyíká ẹyọ quartz kọ̀ọ̀kan. Nínú ohun amọ̀ tí wọ́n fi iná ńlá sun, gíláàsì ti di ẹyọ náà mú gírígírí láti gbogbo ìhà. Nígbà tí ohun náà bá ń tutù, gíláàsì náà á ti le kí ó tó di pé ooru lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 573. Quartz á wá súnkì lójijì, gíláàsì kò sì lè bá a súnkì. Á máa fà á. Bí ẹyọ náà bá kéré púpọ̀, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí ó bá tóbi, ojú sísán yóò yí i ká. Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe tánńganran fi máa ń lọ quartz kúnná gan-an.

Èkejì wà nínú ìkòkò lódindi. Ìkòkò kì í tutù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣáájú inú, ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ìdí tó nípọn. Bí wọ́n bá ṣí ìléru sílẹ̀ kí ó tó tutù, ẹ̀yìn ìkòkò á ti kọjá ìwọ̀n 573, á ti súnkì, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì wà lókè. Apá kan ìkòkò ń fa apá kejì, ìkòkò á sì là láti ẹnu dé ìdí. Nígbà mìíràn, ojú sísán náà kì í hàn. Ohùn ìkòkò nìkan ló máa ń tú u fó, nítorí pé bí wọ́n bá kàn án, kì í já gaara mọ́. Kò sí oògùn mìíràn ju sùúrù lọ: kí wọ́n jẹ́ kí ooru kọjá àgbègbè yìí díẹ̀díẹ̀, ní lílọ àti ní bíbọ̀.

5. Cristobalite: Ewu inú Ilé Ìdáná

Cristobalite ju quartz lọ ní ọ̀nà méjì. Ìyípadà nínà tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti quartz, bí ìdá 3 nínú 100 ní títóbi. Ìwọ̀n ooru tí ó sì ti ń ṣẹlẹ̀ kéré: láàárín nǹkan bí 200 sí 270 ti Sẹ́ńtígíréèdì. Ẹni tó ní àwo tí quartz nìkan wà nínú rẹ̀ lè má dé ìwọ̀n 573 nínú ilé ìdáná rẹ̀ láéláé tó bá jẹ́ pé inú ààrò ìbùrẹ́dì ló ń gbé e sí. Ẹni tí àwo rẹ̀ ní cristobalite ńkọ́? Ìgbà gbogbo tó bá yan nǹkan nínú àwo náà ni ìyípadà náà lè ṣẹlẹ̀. Àwo kan lè ti inú ìléru jáde láìlábàwọ́n, kí ó sì wá là nínú ilé ẹni tó rà á.

Iná ńlá tó pẹ́ ni ó ń bí cristobalite. Èyí ni ìyọnu àkọ́kọ́ tó dojú kọ èrò pé kí iná sáà ti pọ̀: iná tó ń fún ìkòkò ní líle náà ni ó lè máa gbin ohun tí yóò là á sínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ènìyàn lè bá ìwà yìí gbé, bí ó bá mọ̀ ọ́n. Bíríkì sílíkà, tí sílíkà inú rẹ̀ lé ní ìdá 90 nínú 100, ni wọ́n fi ń kọ́ ààrò tí wọ́n ti ń sọ èédú ilẹ̀ di kóòkù àti òrùlé ìléru gíláàsì. Wọ́n á kọ́kọ́ sun bíríkì náà pẹ́ títí tí quartz inú rẹ̀ fi di cristobalite àti ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tridymite. Gbogbo ìyípadà nínà ti àwọn méjèèjì kì í kọjá ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 300. Nítorí náà, bí bíríkì yìí bá ti la 600 kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fẹ̀ mọ́, á sì dúró gbọnin-gbọnin ní ibi tí ooru ti lé ní ìwọ̀n 1,400. Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mú un gbóná díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó tutù mọ́ fún ọdún púpọ̀. Inú iná ni bíríkì yìí ti rí àlàáfíà. Ìtutù ni ọ̀tá rẹ̀.

6. Àdììtú Ìkòkò Ìbílẹ̀

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ padà sí orí ìkòkò tí wọ́n fi igi sun ní gbangba, irú èyí tí àwọn obìnrin ń mọ ní Ìpetumodù, ní Ìlọrin, àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá. Irú iná bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ìwọ̀n 600 sí 900 ti Sẹ́ńtígíréèdì. Ó tó láti lé omi inú amọ̀ jáde, kí amọ̀ má lè padà di ẹrẹ̀. Kò tó láti bí mullite, kò tó láti bí cristobalite, kò sì tó láti yọ́ òkúta di gíláàsì tó pọ̀.

Iná náà kọjá ìwọ̀n 573. Quartz inú ìkòkò náà sì ń nà, ó ń súnkì, gẹ́gẹ́ bí ti tánńganran. Ìlọrin tilẹ̀ ní àṣà kan tó yẹ kó ya ẹni tó ti ka ìpín kẹrin bébà yìí lẹ́nu: wọ́n a máa fa ìkòkò yọ láti inú iná nígbà tó ṣì gbóná, wọ́n a sì rì í sínú omi èèpo igbá kí ara rẹ̀ lè dúdú kí ó sì máa dán. Bí wọ́n bá ṣe tánńganran bẹ́ẹ̀, yóò rún wómúwómú. Ìkòkò wọ̀nyí ń yè é. Kí ló fà á?

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé kò sí gíláàsì tó di quartz mú. Ara ìkòkò náà kún fún ihò wẹ́wẹ́, àwọn ewé amọ̀ inú rẹ̀ sì kàn fara kan ara wọn ní ibi díẹ̀díẹ̀ ni. Nígbà tí ẹyọ quartz bá súnkì, yóò kàn fi àlàfo kékeré sílẹ̀ láàárín òun àti amọ̀ tó yí i ká. Ní ìgbà kejì tó bá tún fẹ̀, àyè ti wà nílẹ̀ dè é.

Ìdí kejì ni ohun tí wọ́n ń pò mọ́ amọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn amọ̀kòkò máa ń po yanrìn tàbí àpáàdì lílọ̀ mọ́ amọ̀ tí wọ́n fẹ́ lò. Àpáàdì ti la iná kọjá rí. Omi inú rẹ̀ ti lọ, kò ní ohun púpọ̀ tí yóò súnkì mọ́. Ó ń là amọ̀ níyà kí oru lè rí ọ̀nà jáde, ó sì ń di ìdènà fún ojú sísán.

Ìdí kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. D. P. H. Hasselman ṣàlàyé rẹ̀ ní 1969 nínú ìwádìí tó ṣe lórí bí ooru òjijì ṣe ń fọ́ ohun amọ̀. Ìbéèrè méjì ni ó ní kí ènìyàn yà sọ́tọ̀: kí ló ń mú kí ojú sísán bẹ̀rẹ̀, kí ló sì ń mú kí ó rìn jìnnà? Ohun tó le máa ń pẹ́ kí ó tó sán, ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò tó fi ń pẹ́ yẹn, agbára ń kó jọ sínú rẹ̀ bí ti ọrun tí wọ́n fà. Ọjọ́ tó bá sán, gbogbo agbára náà ni yóò ti ojú sísán lẹ́yìn, yóò sì là á já. Ohun tí kò le máa ń tètè sán, ṣùgbọ́n agbára díẹ̀ ló wà lẹ́yìn ojú sísán náà. Kò ní rìn jìnnà tí yóò fi bọ́ sínú ihò tàbí kan ẹyọ àpáàdì, tí yóò sì dúró. Nínú ìkòkò ìbílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú sísán tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ló wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti sun ún, kò sì sí èyí tó rí àyè dàgbà di ńlá. Ìkòkò náà kò sá fún sísán. Ó gba sísán kéékèèké kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ èyí tó tóbi.

Àwọn àgbà sọ pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ọ̀rọ̀ ìwà ni wọ́n fi òwe náà ń sọ, ṣùgbọ́n ó dá lórí òtítọ́ kan tó ṣe é rí: ìdí tí kò lè gbóná láìsán kò lè jẹ ata.

Owó kan wà tí wọ́n ń san fún ìfaradà yìí. Ìkòkò náà kò lágbára tó tánńganran bí nǹkan bá kọlù ú, omi sì ń là á kọjá. Ṣùgbọ́n omi tó ń là á kọjá yìí náà ni ó ń gbẹ lára àmù, tó ń mú ooru lọ, tó sì ń jẹ́ kí omi inú àmù tutù lọ́sàn-án. Ihò wẹ́wẹ́ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ méjèèjì.

Àpẹẹrẹ tó fi ìyàtọ̀ náà hàn jù lọ wá láti ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Abuja nígbà náà, tó ti di Suleja. Ladi Kwali, tó dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1954, ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin Gwari ti ń mọ ọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọwọ́ kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ìrísí kò yí padà púpọ̀; iná ni ó yí padà, nítorí pé inú ìléru tó lé ní ìwọ̀n 1,200 ni wọ́n ti ń sun wọ́n. Àwọn ìkòkò náà dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri àgbáyé, wọ́n sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò wọn ti yí padà kúrò ní ti ìkòkò orí iná. Gíláàsì ti di quartz wọn mú. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n di, wọn kì í ṣe ìkòkò ìbílẹ̀ tí wọ́n wá parí.

7. Zirconia: Àléébù tó Di Agbára

Bí ìtàn bá parí síbí, ẹnìkan lè sọ pé ìyípadà nínà jẹ́ ohun tí ènìyàn kàn gbọ́dọ̀ sá fún tàbí kí ó fara dà. Zirconia fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkúta zircon ni wọ́n ti ń rí i, èyí tó wà nínú yanrìn ìwakùsà tíìnì ní agbègbè Jos pẹ̀lú. Zirconia kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé nǹkan bí ìwọ̀n 2,700. Kírísítálì tí ó ń jẹ́ nínú ìtutù máa ń di òmíràn ní nǹkan bí ìwọ̀n 1,170, á sì tún di ẹ̀kẹta ní nǹkan bí 2,370. Ìyípadà àárín ẹ̀kejì àti èkínní, nígbà tó bá ń tutù, ni ó ní wàhálà: zirconia kì í súnkì níbẹ̀ bí quartz, ńṣe ló ń wú, bí ìdá 4 tàbí 5 nínú 100. Ohun tí wọ́n bá fi zirconia nìkan ṣe á fọ́ sínú ìléru kí ó tó tutù. Fún ìgbà pípẹ́, èyí sọ ọ́ di aláìwúlò.

Wọ́n kọ́kọ́ rí i pé bí wọ́n bá po ẹfun òkúta, magnesia tàbí yttria díẹ̀ mọ́ ọn, ìtò inú iná lè dúró títí di ìgbà tí ó tutù. Ìyẹn yanjú ọ̀rọ̀ fífọ́. Ní 1975 ni R. C. Garvie, R. H. Hannink àti R. T. Pascoe, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Australia, wá tẹ ìwé kékeré kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, nínú èyí tí wọ́n béèrè bóyá ohun amọ̀ lè ṣe bí irin. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò dí ìyípadà náà lọ́nà tán pátápátá. Wọ́n fi àwọn ẹyọ kéékèèké sílẹ̀ nínú ara zirconia tí wọ́n ṣì wà ní ipò ti inú iná, tí ara tó yí wọn ká kò sì jẹ́ kí wọ́n padà. Bí ojú sísán bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìdè náà á tú. Àwọn ẹyọ tó wà níwájú ojú sísán á yí padà lójú ẹsẹ̀, wọ́n á wú, wọ́n á sì fún ojú sísán náà pa láti ọ̀tún àti òsì. Ìwú tó ń fọ́ ìkòkò ti di ọwọ́ tó ń dí ojú ọgbẹ́.

Láti ìgbà náà ni zirconia ti di ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ, eyín àtọwọ́dá àti orí egungun itan. Wọ́n tún ń fi zirconia tí yttria inú rẹ̀ jẹ́ bí ìdá 6 sí 8 nínú 100 bo abẹ irin inú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfuurufú, nítorí pé ooru kì í tètè là á kọjá.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dúró de àyè láti yí padà kò ní olówó kan ṣoṣo. Ní 1981, àwọn onímọ̀ ní Japan fi hàn pé omi àti oru lè tú ìdè àwọn ẹyọ náà pẹ̀lú, ní ìwọ̀n ooru tí kò ju bí 200 tàbí 300 lọ, kí zirconia sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀ láti ojú rẹ̀ wọ inú. Ní 2001, wọ́n ní láti kó àwọn orí egungun itan kan tí wọ́n fi zirconia ṣe kúrò lọ́jà, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ń fọ́ nínú ara àwọn tí wọ́n fi wọ́n sí lára. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, ní ilẹ̀ Faransé, ti lọ lo irú ìléru mìíràn ju ti tẹ́lẹ̀. Láti inú àwọn tí wọ́n sun nínú ìléru tuntun náà ni èyí tó fọ́ jù ti wá. Orúkọ ohun náà kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n pò pọ̀ kò yí padà. Ọ̀nà tí ooru gbà wá àti ọ̀nà tí ó gbà lọ ni ó yàtọ̀, ẹsẹ̀ aláìsàn ni ó sì san gbèsè rẹ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni àlàyé yìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èkínní, kì í ṣe bí iná ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń sọ bí ohun amọ̀ yóò ṣe rí. Irú kírísítálì tí iná bá fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Èkejì, kì í ṣe fífẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni ó ń fọ́ ohun amọ̀ jù, bí kò ṣe ìyípadà òjijì ní ìwọ̀n ooru pàtó: 573 fún quartz, ìsàlẹ̀ 300 fún cristobalite, òkè ìwọ̀n yẹn dáadáa fún zirconia. Ẹ̀kẹta, ìyípadà kan náà lè jẹ́ ìparun tàbí ààbò. Ara tó yí kírísítálì náà ká ni yóò sọ èyí tí yóò jẹ́: bóyá ó dì í mú gírígírí, bóyá ó fún un láyè, tàbí bóyá ó ń ṣọ́ ọ de ọjọ́ ogun.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ran àwọn amọ̀kòkò lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìléru tó gbóná jù. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: kí ni wọ́n fẹ́ fi ìkòkò náà ṣe? Bí ó bá jẹ́ àwo tí wọn yóò fi jẹun, iná ńlá, quartz kíkúnná àti ìtutù onísùúrù ló tọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ tàbí àmù, ọ̀nà tí àwọn obìnrin Ìpetumodù àti Ìlọrin ń gbà kò nílò àforíjì kankan. Ìmọ̀ tó bá ìṣesí kírísítálì mu ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ, tí wọ́n sì fi ọwọ́ kọ́ ọmọ. Bí wọ́n bá mú un kúrò láìmọ ohun tó ń ṣe, ìkòkò tó lẹ́wà tí kò lè gbé orí iná ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀.